Elégédé Mẹ́ta Orysia

Ọjọ́ tí Yarema kọ́kọ́ pàdé Orysia, orí elégédé ọmọbìnrin náà ló jókòó lé. Pàù!

"Yéè! O ti pa mí o!" Orysia figbe ta. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dá ihò sí i lára!"

"Dákun, mo pè é ní àpótí ìjókòó ni."

"Àpótí wo ló rí rogodo báyìí? Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

Yarema kò kúkú jẹ̀bi tán. Ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà wọn ní ìlú Kosiv, kò sí ohun èlò àtijọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í sọ di ìjókòó. Òun fúnra rẹ̀, ọpọ́n tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì ló ń sọ di bẹ́ǹṣì. Orysia ní tirẹ̀ ń fi elégédé gbígbẹ ṣe fìtílà.

Ní ọjọ́ kejì, Yarema ru elégédé mìíràn wá láti oko ìyá àgbà rẹ̀. Ìfẹ́ bá a wọlé, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá àgbà mi, Màmá Yavdokha, ló tọ́ mi, olólùfẹ́ mi," Yarema sọ fún un nígbà tí ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kù sí dẹ̀dẹ̀. "Bí wọ́n bá ní rárá, mi ò lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń bọ̀ wá wò ẹ́ lọ́jọ́ ìpàtẹ."

Àyà Orysia já. Àfi kí obìnrin yìí fẹ́ràn òun!

Ọjọ́ pé. Elégédé mẹ́ta ń tàn lókè bẹ́ǹṣì Yarema. Aṣọ ìnura olódòdó tí ìyá Orysia fọwọ́ rán ló gbé wọn rọ̀. Iná ọ̀kan dédé kú. Orysia gun àkàbà, ó tú u sílẹ̀.

"Àyànfẹ́, bá mi di èyí mú."

Yarema fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá Yavdokha wọlé, tòun ti búrẹ́dì rìbìtì lọ́wọ́. Ó wo elégédé lọ́wọ́ Yarema. Búrẹ́dì já bọ́, ó ń yí gbirigbiri lọ sídìí àkàbà.

Ní ilẹ̀ wọn, alárinà ló ń gbé irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ wá tọrọ ìyàwó. Bí ọmọbìnrin bá gbà, á so aṣọ ìnura olódòdó mọ́ alárinà lára. Bó bá kọ̀, elégédé ni yóò gbé lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.

Orysia fẹ́rẹ̀ẹ́ re bọ́. Àṣé wọ́n wá tọrọ òun ni! Òun sì ti kọ̀ kí wọ́n tó lanu! Oṣù mẹ́rin ló ti ń pe nǹkan wọ̀nyẹn ní fìtílà. Ó ti gbàgbé pé elégédé ni wọ́n.

"Ó kọ̀ ẹ́!" Màmá Yavdokha lọgun. "Níwájú ayé! Elégédé oko mi ló tún fi kọ̀ ẹ́!"

"Màmá, fìtílà ni o!"

"Fìtílà ló tún wá burú jù! Ṣé kí ará òkèèrè náà lè rí ìtìjú wa ni? Gbé bẹ́ǹṣì ẹ, ká máa lọ."

"Yarema, jù ú sílẹ̀!"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n dì í mú!"

Màmá Yavdokha ti dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn olùkọ́ tó ń fún wọn ní máàkì dúró, bírò lọ́wọ́. Orysia wo fìtílà rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ìyá àgbà. Ó fa aṣọ ìnura náà tu.

Gbàà! Elégédé méjì fọ́ yángá. Olùkọ́ kan kígbe. Orysia sọ̀ kalẹ̀, ó sáré bá ìyá àgbà, ó so aṣọ náà mọ́ ọn láti èjìká dé ìbàdí.

"Mo gbà, Màmá. Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Ẹ ò tíì béèrè, ṣùgbọ́n mo gbà."

Màmá Yavdokha fọwọ́ tọ́ òdòdó ara aṣọ náà.

"Ta ló rán èyí?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Ó mọṣẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́," Yarema ní, "èmi ò tíì sọ nǹkan kan o."

"Panu mọ́! Àwa méjì ti parí ẹ̀. Lọ gbé búrẹ́dì mi wá."

Orysia fìdí rẹmi nínú ìdánwò yẹn; ọdún kejì ló tó yege.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Màmá Yavdokha fúnra rẹ̀ gbé elégédé kẹta tí kò fọ́ ka iwájú ọkọ àti ìyàwó, ó sì tan iná rẹ̀. Ariwo ta! Ìyá Orysia dìde fùú.

"Ẹ jókòó jàre," Màmá Yavdokha ní. "Bàbá àgbà Yarema gba méjì irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi kó tó rí aṣọ ìnura gbà. Ogójì ọdún la sì jọ sùn lórí ibùsùn kan."