Nọ́ńbà Tí Mo Ná Wálẹ̀

Obìnrin yẹn mọ iye ìdọ̀tí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi kí bébà àyẹ̀wò tó dé.

"Mẹ́sàn-án ni lónìí," ló wí, bó ṣe jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn tí àìsàn wọn le. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Bẹ́ǹṣì yẹn máa ń ké bí ènìyàn bá jókòó lé e. Kò ké.

Mi ò mọ̀wé. Nọ́ńbà nìkan ni mo lè kà, ogún ọdún tí mo fi ta bàtà àlòkù ló kọ́ mi. Nígbà tí nọ́ọ̀sì mú bébà jáde, mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Dókítà ti ṣàlàyé fún mi pé kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, pé ti ọmọ mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, pé ẹni tí nọ́ńbà ìdọ̀tí rẹ̀ bá kọjá mẹ́wàá nínú yàrá yẹn, ó ṣọ̀wọ́n kó jáde láàyè. Aránṣọ lọmọ mi. Òun nìkan ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà tún dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ojú ìka wà lára kókósẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò sì kún padà. Èémí rẹ̀ ń rùn bí ìtọ̀ àná.

"Mẹ́sàn-án àbọ̀, Ìyá Aránṣọ."

Ohùn ọjà ló yọ lẹ́nu mi. "Ó ti wọ́n jù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́ta."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín rẹ̀ kò hàn. "Ẹ ò tilẹ̀ tijú. Mẹ́jọ."

"Mẹ́rin. Èmi ni mo kọ́kọ́ ná a lónìí."

"Mẹ́fà, jálẹ̀."

"Mo gbà."

Bébà dé: mẹ́fà. Dókítà wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bẹ́ẹ̀dì kìíní lọmọ mi wà. Ọmọkùnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tíṣà ni ìyá rẹ̀. Èmi àti Tíṣà la jọ ń pín bẹ́ǹṣì, a jọ ń pín búrẹ́dì. Mẹ́ta ni nọ́ńbà ọmọ tiẹ̀, wọ́n ti ń sọ pé wọ́n máa gbé e kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí tèmi já sí mẹ́fà, tiẹ̀ gòkè di mẹ́fà àbọ̀.

"Màmá, kí ló dé?" Tíṣà ń bi mí bí ẹni pé èmi ni dókítà.

"Ara ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn," mo dá a lóhùn.

Ṣé mi ò rí i ni? Mo rí i. Ìṣirò tí ọmọdé lè ṣe ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Tíṣà lọ bọ́jú. Kí obìnrin náà tó fìdí kanlẹ̀ ni mo ti lanu.

"Méjì."

"Ṣé ẹ ò ní bi mí léèrè ibi tí..."

"Méjì, mo ní. Jálẹ̀."

Ó wò mí pẹ́. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o."

Tèmi já sí méjì. Ti bẹ́ẹ̀dì kejì di mẹ́wàá àbọ̀. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì náà ká.

Wọ́n gbé ọmọ mi lọ sí yàrá àwọn tí ara wọn ti ń yá. Ibẹ̀ ni Tíṣà ti wá dágbére fún mi, ó ká aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó dì mọ́ mi, ó bá mi yọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ má pè mí ní wèrè. Obìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú wá bá mi níbi tí mo ti ń bọ́jú. Ó ní kí n ná nọ́ńbà ọmọ mi. Mo bi í pé, èyí tí mo bá yọ kúrò, ibo ló ń gbé e lọ? Ó ní bẹ́ẹ̀dì kìíní."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní kó máa lọ. Ọmọ èèyàn ṣá ni ọmọ yín."

Ó mú mi lọ́wọ́.

"Ṣé kò wá bá ẹ̀yin?"

Ọmọ mi ń jẹun lẹ́yìn wa. Mo ń gbọ́ bí ṣíbí rẹ̀ ṣe ń ha abọ́.

"Rárá o, Tíṣà," ni mo wí. "Kò dé ọ̀dọ̀ mi."