Ohùn Méjì Nínú Orin Ramey

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì náà pòórá, ariwo tó tẹ̀lé e sì fẹ́rẹ̀ẹ́ hú àwọn òkè Virginia tìdítìdí.

Inú àpótí gòjé Ìyá Hester Mabry ló wà. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nínú àjà ilé rẹ̀ ni: gbogbo orin olóògbé Ramey àgbà ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀sán gan-an ni gbogbo èrò pápá àjọ̀dún orin fẹ́ gbọ́ ọ, kí ìjà lè parí.

Ìjà ọ̀hún? Teague Lundy, oníbáńjò, ló yí ohùn méjì padà nínú orin tí wọ́n ní Ramey àgbà fi sílẹ̀. Ohùn méjì péré. Láti ọjọ́ Ẹtì ni àwọn olólùfẹ́ orin ti ń bú ara wọn láti àgọ́ dé àgọ́. Ọkùnrin kan bínú títí kọfí ọwọ́ rẹ̀ fi hó lẹ́ẹ̀kejì. Quill Ramey onígòjé, ọmọ-ọmọ olóògbé, ló ṣáájú àwọn tó fẹ́ lé Teague kúrò lórí pèpéle títí ayé. Aago méjìlá ni wọ́n máa dìbò.

Ọlọ́pàá Verna Stiltner ní wákàtí kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan.

"Àwọn mẹ́ta péré ni mo sọ ibi tó wà fún," ni Ìyá Hester wí. "Teague, Quill, àti Darlene oníbúrẹ́dì. Mo ń fa gòjé lọ́wọ́ ni mo rántí kọfí. Mo ju gbogbo ẹ̀ sínú àpótí, mo sáré. Irun ọ̀pá tí mo fi ń fa gòjé ṣì le gan-an, mi ò ráyè dẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ò sì tíì fọwọ́ kàn án látìgbà náà?"

"Rárá. Igbe ni mo fi ta."

Verna tẹ irun ọ̀pá náà. Ó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun.

Darlene kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Teague ni. Ta ló tún ń bẹ̀rù kásẹ́ẹ̀tì yẹn?"

"Ìwọ náà ń kó orin àtijọ́ jọ. Ilé ẹ kún débi pé inú mọ́tò lọkọ ẹ ń sùn."

"Torí ó ń hanrun ni. Mi ò kúrò nídìí ààrò látàárọ̀. Bi àwọn ogún tó tò síbí."

Ogún ẹnu sì jẹ́rìí pẹ̀lú búrẹ́dì nínú.

Teague gbá báńjò rẹ̀ mọ́ra. "Ọdún kejìlá mi rèé níbí, Mà. Tí wọ́n bá lé mi, ibo ni wọ́n tún ti máa gbọ́ mi?"

"Ṣé o mọ gòjé í fà?"

"Èmi? Tí mo bá fà á, ajá ìpínlẹ̀ mẹ́ta á sunkún."

Verna rìn lọ sí àgọ́ Quill. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá ọkọ onígòjé gbé.

"Bàbá Quill, tẹ́ ẹ bá rí ọ̀pá gòjé tí irun ẹ̀ le nínú àpótí, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá dẹ̀ ẹ́ ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi ẹ̀ á wọ́. Ìgbájú ni bàbá àgbà fi kọ́ mi."

"Olè tó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà dẹ̀ ẹ́."

Quill wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni wo ọ̀dàlẹ̀. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì nínú bàtà rẹ̀.

"Orin yẹn ò sí lórí ẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo ṣe é, nínú abà màlúù, lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ta ló máa gbọ́ orin tuntun lọ́wọ́ ọmọdé? Mo ní ti bàbá àgbà ni. Àádọ́ta ọdún nìyẹn."

"Ẹ sì fẹ́ lé ọmọ ọlọ́mọ nítorí ẹ̀."

Nígbà tó di aago méjìlá, Quill gun pèpéle, ó tún un sọ. Pápá dákẹ́ débi pé èèrà wúkọ́, gbogbo wa gbọ́. Kò sẹ́ni tó rántí ìbò mọ́.

Teague ló bèèrè nísàlẹ̀: "Bàbá, ohùn méjì tí mo yí padà ńkọ́?"

Quill ń fa irun ọ̀pá gòjé rẹ̀ le.

"Ọdún kejì tí mo ṣe é lèmi náà ti fẹ́ yí i bẹ́ẹ̀," ó ní. "Àmọ́ mo ti sọ fún wọn pé ti bàbá àgbà ni."