Píléètì Kílọ́ọ̀ṣì Tó Kẹ̀yìn Síbi Tó Yẹ Kó Kọjú Sí

Bàtà ni Orrin kọ́kọ́ rí, bàtà awọ méjì tó yọ jáde lábẹ́ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ nínú ọgbà olóògbé Ballard. Ohùn obìnrin kan ń bú ọkọ̀ náà bí ẹni ń bú orogún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Orrin wí.

"Iṣẹ́ kọ́, ìyà ni!"

Obìnrin náà wọ́ jáde, ọ́ìlì dúdú lórí imú rẹ̀. Twyla ni, ọmọ olóògbé, tó ti pẹ́ nílùú ńlá. Àfi bí Orrin ṣe gbàgbé páì èso tí ìyá rẹ̀ ní kó gbé wá bá a kẹ́dùn sọ́wọ́. Ó kàn dì í mú, ó ń wo Twyla.

"Páì yẹn, ṣé èmi lo gbé e wá fún, àbí o fẹ́ fi hàn mí lásán ni?"

Gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ ló kú. Orrin sì ní irú píkọ́ọ̀pù yẹn gan-an lẹ́yìn abà, èyí tí kò rìn mọ́ àmọ́ tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì dára.

"Wá tú u," ni Orrin wí. "Aládùúgbò ni wá."

"O ṣeun. Bó bá ti ń rìn báyìí, Oregon ni mo ń lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin."

Orí Orrin dàrú látọjọ́ náà. Tó bá ti gé koríko màlúù tán, ọ̀dọ̀ Twyla ló ń sáré lọ. Lónìí, Twyla á fi aṣọ nu ọ́ìlì lójú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́la, á máa bi í léèrè ọ̀nà Oregon. Ṣé èmi ló fẹ́ràn ni, àbí gíábọ́ọ̀sì mi? Orrin ò mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ de gíábọ́ọ̀sì náà mọ́ ọkọ̀ Twyla, Twyla mú iná tọ́ọ̀ṣì dání, Orrin sì to píléètì kílọ́ọ̀ṣì, irin pẹlẹbẹ tó ń wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, sára ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fi jáàkì gbé gíábọ́ọ̀sì sókè, wọ́n dè é pinpin. Ẹ́ńjìnnì dún. Twyla tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ó ní kóun ki gíà, gíà kọ̀, ó ń han gooro.

Orrin ké. "Yéè! Mo ti yí ojú píléètì sẹ́yìn. A máa tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀."

"Ìwọ tó o ti ń tún ọkọ̀ ṣe láti kékeré? O mọ̀ọ́mọ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀! Twyla, mo búra, èmi gan-an ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò fẹ́ kó o lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Twyla rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. "Mo rí i nígbà tó o yí i sódì. Ṣebí èmi ni mo mú iná."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ tó ò sọ pé kí n dúró ńkọ́? Mo ní ó kéré tán, a óò tún un tú, màá sì tún rí ọ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i."

Wọ́n tún un tú lóòótọ́, wọ́n sì tò ó dáadáa. Twyla wa ọkọ̀ náà jáde sójú títì, Orrin jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọwọ́ Twyla tó di gíà mú. Àgbẹ̀ kan ń bọ̀ níwájú, ó na ìka kan lórí sítíárì bí àwọn ará àdúgbò náà ṣe ń kíra lójú ọ̀nà. Twyla na ìka méjì.

"Èwo ni méjì?" ni Orrin bi í.

"Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tọkọ mi."

"Ọkọ ta ni?"

"Ọ̀dẹ̀ yìí! Gbọ́wọ́ kúrò jàre, ọkọ mi, mo fẹ́ yí gíà."