Ẹ Má Jí Ẹni Orí Òkè

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yúrò. Mi ò fi sẹ́ǹtì kan lé e.”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kẹ̀? Dókítà, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lẹ fẹ́ rà ni?”

“Amọ̀ ni, màdáámú. Kì í ṣe wúrà.”

“Ẹ lọ ra wúrà nígbà náà. Wúrà kún ìgboro.”

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn kí nǹkan náà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ n yáa sọ ọ́ fún yín: irọ́ ni mo fi ń jẹun. Ère tí wọ́n mọ lọ́dún tó kọjá, mo ti tà á fún àlejò pé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún ló ti lò láyé. Mo ti jẹ́wọ́ ìyẹn fún fadá. Ṣùgbọ́n èyí, mi ò tà á fún yín. Ojú mi ló ṣe.

Nunzia lorúkọ mi. Ère ìsìn àtijọ́ ni mo ń rà tí mo ń tà, ní Nápólì níbí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kejìlá ni. Aago mẹ́ta ọ̀sán. Òjò ń rọ̀. Àwa mẹ́ta la wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà ní òpin àdúgbò wa. Bàbá Liborio jókòó sórí àga, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Ìran karùn-ún ni nínú ìdílé tó ń mọ ère, ṣùgbọ́n ojú Bàbá ti fọ́. Ẹnì kejì ni Dókítà Bressan, ará ìhà àríwá ọ̀hún, láti apá Fẹ́nísì. Kò wo aláìsàn rí láyé rẹ̀. Ó wọ kóòtù tó dáa, ìdí tí a fi ń pè é ní dókítà nìyẹn. Ogójì ọdún ló ti fi ń kó nǹkan ṣọ́ọ̀ṣì jọ. Ilé rẹ̀ kún dé orí àtẹ̀gùn.

Ohun tó gbé wa débẹ̀ ni Bẹ́tílẹ́hẹ́mù Bàbá, ère ìbí Jésù tí ìdílé rẹ̀ máa ń tò nígbà Kérésì. Tábìlì ńlá ni, wọ́n fi èèpo igi mọ òkè sórí ẹ̀, wọ́n sì to igba ó lé méjìlá ère sí ara òkè náà: ẹlẹ́ja, ọlọ́tí, obìnrin tó ń yan ẹ̀pà òyìnbó, ọba mẹ́ta, áńgẹ́lì, Jósẹ́fù, Màríà. Amọ̀ sísun lorí wọn, wáyà àti òwú lara wọn. Òrùlé sì ń jò. Òjò ń kán sórí òkè náà, tó, tó, tó. Bí omi bá wọ òwú yẹn, jíjẹrà ni. Bíríkìlà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lòun máa gbà, kí wọ́n sì san án kóun tó gun òrùlé. Bàbá bá ní kí n wá ẹni tó máa ra ère kan, kí ìyókù má bàa bàjẹ́. Irínwó tèmi lórí ẹ̀, ni mo fi pè é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé irínwó. Ìdámẹ́wàá ni mo ń gbà, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni Dókítà nawọ́ sí. Olùṣọ́-àgùntàn tó ń sùn lórí òkè, tó fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọmọ ọwọ́ ní Nápólì mọ̀ ọ́n. Òun la máa ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ tí Kérésì bá ń bọ̀, torí òun ló ń lá ìyókù lálàá. Ẹja, ọjà, ìràwọ̀, ibùjẹ ẹran tó ṣófo títí di òru ìbí Jésù, àlá rẹ̀ ni gbogbo wọn. Bó bá jí, ó parí. Áńkáṣíìfù la fi ń bo ojú rẹ̀ tí a bá fẹ́ gbé e. A kì í pariwo nítòsí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ arúgbó ni mo kà á sí.

“Ó ti sán,” ni Dókítà wí. Ó ti gbé ère náà dání, ó ká áńkáṣíìfù ojú rẹ̀ kúrò díẹ̀. “Ẹ wo iwájú orí rẹ̀.”

“Irun rẹ̀ nìyẹn.”

“Sísán ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.”

“Ojú yín ló sán!”

“Nunzia,” ni Bàbá wí, “rọra sọ̀rọ̀.”

Inú ti bí mi. Amọ̀ tó bá sán máa ń dún kó, bí ìkòkò tó ti fọ́. Èyí tó bá dá ṣáká máa ń dún bí agogo. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni mo ti dán an wò lójú oníbàárà. Mo gba ère náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣí áńkáṣíìfù kúrò. Mo fi èékánná kàn án níwájú orí lẹ́ẹ̀mẹta.

“Nunzia, má—”

Ó dún bí agogo.

“Ẹ gbọ́ ọ?” ni mo wí. “Ó dá ṣáká.”

Mo wá bojú wolẹ̀. Ẹni tó mọ ère yẹn ò fi ojú sí i. Ìpéǹpéjú pípadé ló mọ. Ṣùgbọ́n ojú ló ń wò mí. Ojú búráùn, tó tutù.

Gbogbo nǹkan dákẹ́.

Mo rí òjò lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rọ̀, kò dún. Mo wo tábìlì. Pákó lásán. Kò sí òkè, kò sí ère, kò sí èérún kan. Dókítà gbójú sókè, èmi náà gbójú sókè. Wọ́n ti fi ọ̀dà kun àjà yẹn kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi, Màríà tó ń gòkè lọ sọ́run, ìkùukùu, ọmọ áńgẹ́lì yí i ká, wúrà létí ẹ̀. Funfun. Gbogbo àwòrán yẹn ti lọ. Ibi pẹpẹ, ògiri lásán. Kò tiẹ̀ sí ojú ìṣó. Ó dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò kan nǹkan kan mọ́bẹ̀ rí.

Mo la ẹnu láti pe Ìyá Jésù, bí gbogbo wa ṣe ń pè é níbí tí ìkòkò bá já lé wa lẹ́sẹ̀. Ẹnu mi là. Kò sí orúkọ nínú rẹ̀.

Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà. Orí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó máa ń yọ lókè ilé gbogbo, ojú ọ̀run ni mo rí níbẹ̀. Orúkọ ẹni mímọ́ ladúgbò wa ń jẹ́. Mo wo páànù tí wọ́n kọ ọ́ sí. Páànù wà. Kò sí ìkọ̀wé. Ní kọ̀rọ̀ tí ère tó ní àtùpà máa ń wà, obìnrin kan dúró nínú òjò pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, ó ń wo ògiri bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá rà.

Ẹ̀rù ò bà mí tó báyìí rí. Mo ní kí n sọ fún ara mi pé, lágbájá, fara balẹ̀. Mi ò rí orúkọ mi. Torí áńgẹ́lì tó mú ìròyìn wá fún Màríà ni ìyá mi ṣe sọ mí lórúkọ yẹn. Ó ti bá áńgẹ́lì lọ.

“Màdáámú,” ni Dókítà wí lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ tínrín. “Ilé mi kún fún nǹkan kan. Kí ni nǹkan ọ̀hún?”

Mo padà wọlé, ère náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá ò rí nǹkan kan nínú gbogbo ẹ̀. Ó kàn na ọwọ́ jáde.

“Ta ló jí i?”

“Èmi ni.”

“Gbé e fún mi.”

Ó gbé e sí àyà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń wá orin, orin tó máa ń kọ fún un lọ́dọọdún, kò rí i. Ó bá kàn ń mí. Ó ń mí rọra, bí ìyá tó gbé ọmọ sáyà. Hm. Hm. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Tó.

Mo gbọ́ ọ. Òjò kán. Mo yíjú, òkè ni omi kán sí. Ẹlẹ́ja wà. Ọlọ́tí wà. Mo kà wọ́n, igba ó lé mọ́kànlá, ìkejìlá wà láyà Bàbá, ojú rẹ̀ ti padé. Mo gbójú sókè. Màríà ń gòkè lọ nínú wúrà.

Ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Láti ọmọdé ni mo ti ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ohun tí wọ́n bá kùn mọ́ àjà kò ṣeé tà, mi ò sì wò ó rí. Mo wò ó lọ́jọ́ náà títí ọrùn fi ń dùn mí. Ìka ẹsẹ̀ ọmọ áńgẹ́lì kan, mo rí i pé ó dọ̀tí. Ẹni tó kùn ún mọ̀ọ́mọ̀ kun ìdọ̀tí sí i.

Dókítà ń sunkún, kò nù ún.

“Ó pọ̀ tó báyìí?” ló wí.

“Kí ló pọ̀?”

“Àlá rẹ̀.”

Ó yọ àpò owó.

“Bàbá, ẹ dá a padà sórí òkè.”

Mo dìde nílẹ̀. “Ẹ ò rà á mọ́?”

“Mo rà á. Ibẹ̀ ló máa wà.”

“Èló?”

“Ìwọ ọmọ yìí!” ni Bàbá wí, ó rẹ́rìn-ín.

“Iye tí ẹ pè,” ni Dókítà wí.

Ó kà á. Èmi náà kà á tẹ̀lé e, ohun yòówù kí n rí. Aláàádọ́ta-àádọ́ta pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ìyókù jẹ́ ogún-ogún. Fèrèsé ni wọ́n máa ń yà sára owó yúrò; ti ogún jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì gíga, ó ṣóńṣó lórí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìkẹyìn tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní iye rẹ̀ lára, ó ní ìràwọ̀ rẹ̀. Mo fọwọ́ ra á, ojúlówó ni. Kò sí fèrèsé lára ẹ̀. Funfun.

Mo gbé e sí ojú iná àbẹ́là. Dókítà wò ó. A wo ara wa.

“Kí n pààrọ̀ rẹ̀?” ló wí.

Bàbá ti na ọwọ́, ó ń dúró de owó bíríkìlà. Kò ríran. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tí mo lè fi sáàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fún ẹni tí kò ríran. Mo kó tirẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó pé, gbogbo ẹ̀ ló ní fèrèsé. Mo ká èyí tó funfun yẹn mọ́ tèmi.