Bí Kíńkín Ṣe Ń Mú Bàálù Màmá Bọ̀ Wálé

Kíńkín ni wọ́n ń pè é nílé. Ọjọ́ Sátidé ni, Màmá rẹ̀ sì ń lọ síbi iṣẹ́.

Bàálù ni Màmá ń wà. Ó ń gbé èrò láti pápákọ̀ òfurufú kan lọ sí òmíràn.

Máàpù ńlá kan wà lára ògiri. Màmá nàka sí i. "Ibí ni mo ti ń gbéra. Ọ̀hún ni mò ń lọ. Màá sì padà wá lónìí."

Kíńkín fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ìbú ọwọ́ kan péré. "Kò jìnnà rárá," ló wí.

"Lórí máàpù ni kò ti jìnnà," Màmá fèsì. "Wàá wẹ̀, wàá jẹun, wàá sùn lọ́sàn-án. Ìgbà yẹn ni mo máa tó dé ọ̀hún."

Màmá lọ, ó ku Kíńkín àti Bàbá Àgbà nílé. Kíńkín fi pépà ṣe bàálù kékeré kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ máàpù.

Kíńkín wẹ̀. Ó sún bàálù síwájú. Wùùù.

Ó jẹun. Ó sún bàálù síwájú. Wùùù.

Ó sùn, ó jí. Ó sún bàálù síwájú. Wùùù. Gbì! Bàálù balẹ̀.

Fóònù dún. Màmá ni. "Mo ti dé ọ̀hún o. A ò ní pẹ́ gbéra padà."

Ni Kíńkín bá ń bọ́ aṣọ.

"Kí lo tún fẹ́ ṣe?" Bàbá Àgbà bi í.

"Mo fẹ́ wẹ̀."

"Ṣebí o ti wẹ̀ láàárọ̀."

"Ti àlọ nìyẹn, Bàbá Àgbà. Ó ku ti àbọ̀."

Bàbá Àgbà ò bá a jiyàn. Ó lọ bu omi.

Kíńkín wẹ̀. Wùùù.

Ó jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti yó. Wùùù.

Ó dùbúlẹ̀, ó dijú. Oorun ò wá, ṣùgbọ́n ó dùbúlẹ̀ náà ni. Wùùù. Gbì! Bàálù pépà délé.

Màmá ò délé.

Kíńkín wo ẹnu ọ̀nà. Kò séèyàn níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á. "Ṣé Màmá ṣìnà ni?"

"Màmá rẹ kì í ṣìnà," Bàbá Àgbà dáhùn. "Wá bá mi kó aṣọ tá a sá."

Kíńkín sáré lọ síbi okùn. Atẹ́gùn ń tì í lẹ́yìn. Kíá, ó ti débẹ̀.

Ó kó aṣọ mọ́ra, ó kọjú sílé. Fììì! Atẹ́gùn kọjú sóun náà. Aṣọ bò ó lójú. Ó pẹ́ gan-an kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Kíńkín dúró, ó ronú.

"Bàbá Àgbà, ṣé atẹ́gùn wà lókè lọ́hùn-ún?"

"Ó wà. Ó le ju tibí lọ."

"Atẹ́gùn ló ń dí Màmá lọ́wọ́ nìyẹn."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Kíńkín dá bàálù pépà padà sẹ́yìn díẹ̀. Ó ká aṣọ kan, ó sún bàálù. Ó tún ká òmíràn, ó tún sún un.

"Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," Bàbá Àgbà wí.

"Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, Bàbá Àgbà. Bàálù ni."

Ó ku ìbọ̀sẹ̀ Màmá. Kíńkín ká a. Wùùù. Gbì!

Kó, kó, kó. Ta ló ń kanlẹ̀kùn?

Màmá ni. "Ẹ má bínú, atẹ́gùn bá wa jà lọ́nà."

"Mo mọ̀," Kíńkín wí. "Ó bá èmi náà jà."

Inú rẹ̀ dùn. Ó rọ̀ mọ́ Màmá, ó sì na ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sí i.