Wáyà Pupa Lẹ́yìn Tẹlifíṣàn Alhaja

"Nusaybah, o ò tíì ṣe é tán? Wọn ò ní pẹ́ pe ìrun Alásárì o!"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀! Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Irọ́ ni. Nusaybah ò mọ nǹkan kan. Láti wákàtí kan ló ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣàn ìyá bàbá rẹ̀, Alhaja Ròkíátù, nílùú Ìfọ̀, tí òógùn ń ya lójú rẹ̀. Tẹlifíṣàn ayé ìjọ́un ni, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí iké, tí gbogbo àdúgbò máa ń péjọ wò nígbà kan rí, tí wọ́n á gbá lórí kó tó fi àwòrán hàn. Ọkọ rẹ̀, Alhaji olóògbé, ló rà á. Alhaja ò gbà kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ fídíò tuntun tí ọmọ Alhaja kan fi ránṣẹ́ láti Mówè ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ti ṣe àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àtijọ́ kan sórí àwo fídíò, ohùn Alhaji sì wà níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí Alhaja ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn. Ó ti lé tìróò, ó jókòó bí ìyàwó tuntun.

Wáyà mẹ́ta ló wà lára ẹ̀rọ fídíò náà: yẹ́lò, funfun àti pupa. Ihò méjì péré ló wà fún wọn lẹ́yìn tẹlifíṣàn: yẹ́lò àti funfun. Níbo wá ni pupa máa wọ̀?

"Sáré lọ pe Lukman wá," ni Alhaja wí. "Òun ló ń tún un ṣe láti ayé Alhaji."

"Bọ̀dá Lukman kẹ̀? Ẹni tí ò mọ fóònù ńlá tẹ̀! Èmi tí mò ń ṣe sáyẹ́ǹsì, Màmá!"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ó ti fi Lukman ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú sì ń tì í láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ló bá ki wáyà pupa bọ ihò eríàlì. Kò wọ̀. Ó tì í. Ó fi bàtà gbá a. Pàú! Ihò náà jábọ́ sínú.

"Kí ló dún yẹn?"

"Tẹlifíṣàn yín ló ti gbó, Màmá. Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́."

Alhaja fọwọ́ pa tẹlifíṣàn náà lórí, ó ní, "Ó ti tó náà. Ẹ pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gbé e. Alhaji, ẹ má bínú sí mi."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Nusaybah lọ́kàn. Ó jáde lẹ́yìn tẹlifíṣàn, ó kúnlẹ̀ gbì níwájú Alhaja. "Màmá, èmi ni. Èmi ni mo fọ́ ihò eríàlì. Tẹlifíṣàn ò ṣe nǹkan kan."

Alhaja pòṣé ràn-ìn. "Orí kunkun bàbá rẹ lo jogún! Dìde, lọ pe Lukman!"

Lukman dé, ó wo ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà Sáyẹ́ǹsì, ẹ kú iṣẹ́ o! Ohùn apá ọ̀tún ni pupa. Etí kan ṣoṣo ni tẹlifíṣàn yìí ní. Jẹ́ kí wáyà máa fì níbẹ̀ jàre." Ó tẹ bọ́tìnnì kan níwájú, èyí tó ń yí tẹlifíṣàn sí fídíò. Àwòrán yọ.

"Ròkíátù!" Alhaji ló ń pariwo nínú àwòrán. "Jókòó kí o jẹun! Gbogbo ayé ti jẹun tán!"

"Mo ti jókòó, Alhaji," ni Alhaja dáhùn. Tìróò ti ń ṣàn lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ihò eríàlì fọ́ síbẹ̀. Fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí Lukman tó rí òmíràn rà, kò sí ìròyìn Yorùbá lórí tẹlifíṣàn, bẹ́ẹ̀ Alhaja kì í fi ìròyìn ṣeré. Nusaybah ló ń kà á fún un lórí fóònù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré níta. "Sọ̀rọ̀ sókè!" ni Alhaja á wí. "Tún ibẹ̀ yẹn kà!"

Ìbéèrè kan péré ì bá ti yọ Nusaybah nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó bá sì ti ṣìnà, kó má fi irọ́ dí ọ̀nà tí ì bá gbà padà.