Ọfà Tó Fúyẹ́ Jù

Kò sí ẹni tó máa rí Ayọ̀rìndé lọ́jọ́ yẹn tí ẹ̀rín ò ní pa. Ọkùnrin gíga, aṣọ iṣẹ́ búlúù lọ́rùn, eruku ike funfun ti bo irun ojú rẹ̀, ó sì gbá ọfà mẹ́fà tó fi ìwé ìròyìn wé mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ọ̀tà, ó kí wọn tán, ó ní òun fẹ́ wọn ọfà.

Toyibat, ọmọ alágbẹ̀dẹ náà, kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, wúrà àti fàdákà nìkan ni wọ́n ń gbé lé síkéèlì bàbá rẹ̀. Ó bi àlejò náà bóyá ìsọ̀ ẹran ìgbẹ́ ló ń wá tó fi ṣìnà dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Ayọ̀rìndé fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, mẹkáníìkì ni ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Sángo. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mélòó kan máa ń lọ fi àkàtàǹpó ìgbàlódé, ọrun tí wọ́n ń dì mú tí wọ́n sì ń tẹ̀ bí ìbọn, ta àmì ní pápá kan lọ́nà Alapoti. Ìwé tó bá àkàtàǹpó rẹ̀ wá sọ pé ọfà ibẹ̀ kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju gíráàmù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Síkéèlì tó sì lè mọ ìyàtọ̀ gíráàmù kan ṣoṣo, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ló wà.

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bí Toyibat nínú. Ó gbé ọfà kan lé síkéèlì. Gíráàmù méjìdínlógún.

"Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín," ó ní.

"Ṣé kì í ṣe pé ó kàn fúyẹ́ díẹ̀ ni? Ohun tó bá fúyẹ́ ló ń yára dé."

Toyibat gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, àṣírí bá tú. Ní Èkó tí ọkùnrin yìí ti lọ rajà, ó ní òun fẹ́ ọfà, wọ́n sì fún un ní ọfà. Ta ni ká bá wí? Ti ọrun, ọfà là ń pè é. Ti àkàtàǹpó, ọfà náà là ń pè é. Ọfà ọrun ló rà wálé, tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí rẹ̀ ò sì bá ọsán àkàtàǹpó mu rárá. Toyibat là á yé e bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Agbára tí ọfà bá fúyẹ́ jù láti gbé lọ, ara àkàtàǹpó ló ń padà sí, á sì fọ́ ọ. Bí ìdí ọfà ò bá sì jókòó dáadáa, ọsán lè fò ó kọjá.

"Mo ti gbọ́," Ayọ̀rìndé wí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oríṣi méjì ni "mo ti gbọ́". Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti ẹni tó máa ṣe ohun tó gbọ́. Èkejì jẹ́ ti ẹni tó kàn fẹ́ kí o pa ẹnu dé. Ti Ayọ̀rìndé, èkejì ni.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló tún dé. Ó ti ki ìṣó sínú ihò ọfà kan náà. Síkéèlì fi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n hàn géérégé, ọkùnrin yìí sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó yege ìdánwò. Ó ku díẹ̀ kí Toyibat bú sẹ́kún. Ó ní ó dáa, ìwọ̀n ti pé, gígùn rẹ̀ ńkọ́? Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Ìṣó tó ń mì nínú rẹ̀ ńkọ́? Ayọ̀rìndé ní òun ti gbọ́. Ó gbé ike sóbò tútù kan kalẹ̀ fún un, ó lọ.

Bó ṣe di ẹni tó ń yà níbẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn, tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ó ń pe Toyibat ní Ìyá Onísíkéèlì. Toyibat ń kí i ní Kábíyèsí, ó ní ọlọ́fà ni, Ọlọ́fà sì lọba Ọ̀fà. Nígbà tó yá, tí ọkùnrin náà bá pẹ́ díẹ̀, Toyibat á máa na ọrùn wo títì, á sì máa bú ara rẹ̀ pé kí lòun ń wò.

Ó tẹ̀ lé e lọ sí Alapoti lọ́jọ́ kan. Ewúrẹ́ kan ṣèèṣì wọ ẹ̀yìn òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbé àmì tì. Ayọ̀rìndé ló kọ́kọ́ rí i, ó nawọ́ sókè, ó dá gbogbo wọn dúró, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn já oòrùn lọ lé e jáde, ó tún yẹ ẹ̀yìn òkìtì náà wò lẹ́ẹ̀mejì bóyá èèyàn wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹlòmíì, ara tirẹ̀ nìkan ni kò rí. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ Toyibat lára lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, inú sì tún bí i pé ó wọ òun lára.

Alhaji Fàlílù, bàbá rẹ̀, kò rí àbùkù nínú ibi tí ọkùnrin náà ti wá. Mùsùlùmí bíi tiwọn ni, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló di bàbá náà lọ́wọ́.

"Ẹni tí kò gba ohun tí síkéèlì sọ," ó ní, "ṣé ohun tí ìyàwó bá sọ ló máa gbà?"

Toyibat bá bàbá rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní Ayọ̀rìndé ti kó àwọn ọfà yẹn dànù, pé òun ti sọ fún un, ó sì ti gbọ́.

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin. Ọfà gidi tí Ayọ̀rìndé ní kí wọ́n bá òun rà ò tíì dé, Sátidé dé, àwọn ọ̀rẹ́ ń fi í ṣẹ̀sín pé ó wá wòran. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ló máa ṣe? Ó ki ọfà oníṣòó bọ inú àkàtàǹpó, ó tẹ̀ ẹ́. Ọsán fo ìdí ọfà kọjá, apá àkàtàǹpó kan fọ́ gbàà, àfọ́kù rẹ̀ sì ya á lábẹ́ ojú òsì. Bọ̀wálé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló pe Toyibat lórí fóònù.

Ní ọsibítù, wọ́n ti rán abẹ́ ojú náà ní ibi mẹ́fà. Ìwọ̀n ìka kan ló kù kó kan ẹyinjú. Ayọ̀rìndé fẹ́ fi ṣàwàdà, ó ní ọsán já, ọrun dọ̀pá.

"Mo bá bàbá mi jà nítorí ẹ," Toyibat sọ. "Mo ní o máa ń gbọ́ràn. Ayọ̀rìndé, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, àmọ́ mi ò ní di opó nítorí ohun tí mo ti fẹnu ara mi kìlọ̀ fún ẹ. Má wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò gbé ìpè rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ ránṣẹ́ ni Toyibat ń kà, kò dá ọ̀kan lóhùn. Ó ń sunkún lórí ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń nu kó lè dán, ó sì ń pòṣé torí pé omi ojú ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bàbá rẹ̀ ń rí i, kò sọ pé ṣebí òun ti wí, ìyẹn náà sì ń bí Toyibat nínú.

Lọ́sàn-án Túsìdeè kan, Ayọ̀rìndé dúró sẹ́nu ọ̀nà, àpá tuntun lábẹ́ ojú. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Alhaji, ó fi ọfà mẹ́ta lélẹ̀. Èyí tó bá àkàtàǹpó mu gan-an ló rà lọ́tẹ̀ yìí, àkàtàǹpó tuntun sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Toyibat, jọ̀ọ́, bá mi yẹ̀ wọ́n wò," ó ní. "Èyí tó o bá ní kò dáa, kò dáa nìyẹn."

Toyibat rọra fọwọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ nídìí omi. Ó fi rúlà wọn gígùn wọn, ó pé. Ó wo ìdí wọn mọ́ àwòrán inú ìwé, ó bára mu. Ó gbé wọn lé síkéèlì níkọ̀ọ̀kan, méjìdínlọ́gbọ̀n ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tẹ́tí sí i. Ẹ̀kẹta dún kẹ́. Ayọ̀rìndé ò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn, ara rẹ̀ ń dán, kò sí àbùkù kankan tó hàn lójú.

"Ó ti sán nínú," Toyibat wí, ó sì ń retí kó jiyàn.

Ayọ̀rìndé tọrọ ayùn lọ́wọ́ Alhaji. Ó gé ọfà tuntun náà sí méjì lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni má baà tún mú un lò, ó fi àkísà wé àjákù rẹ̀ kó má baà gún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó wá béèrè pé ìgbà wo ni kí òun tún máa yẹ méjì tó kù wò. Toyibat ní gbogbo ìgbà tó bá ti ta wọ́n. Ọkùnrin náà yọ bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.

Alhaji wúkọ́ díẹ̀, ó kọjú sí Ayọ̀rìndé. "Ọmọ mi, tó o bá fẹ́ ẹ, báyìí ló ṣe máa máa yọ ẹ́ lẹ́nu títí ayé o."

"Mo mọ̀, sà," Ayọ̀rìndé dáhùn. "Ohun tí mo wá tọrọ nìyẹn."

Alhaji yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó bi í pé kí ló rí sí i. Toyibat wo àpá ojú náà, ó wo aṣọ iṣẹ́ eléruku náà, ó pòṣé.

"Ẹ bá mi bi í bóyá ó ti jẹun látàárọ̀."

Ayọ̀rìndé ní rárá, òun ò tíì jẹun. Toyibat dìde lọ síbi oúnjẹ, ó ń fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú, ó sì ń kùn pé irú èèyàn wo ló máa ń fi ebi tọrọ ìyàwó. Alhaji ní kí ọkùnrin náà fa àga, kó pe àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ọ̀ṣun kí oúnjẹ tó dé.